Felicia Abban: Obìnrin tó sọ oge àwọn obìnrin di ìtàn tí kò ní parun

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa máa ń wí. Ẹni tó bá wọ pálọ̀ àgbàlagbà kan ní Ifo, ní Mowe tàbí ní Ibafo, kó tó jókòó tán ni yóò ti rí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí lára ògiri. Ìyá ilé wà nínú férémù, ó wé gèlè, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó gbé báàgì kékeré lé itan, ó sì kọjú sí kámẹ́rà bí ẹni tó mọ̀ pé ọmọ-ọmọ tí wọn kò tíì bí yóò wo òun lọ́jọ́ kan. Àwọn àlejò á bèèrè ẹni tí ìyá náà jẹ́, wọ́n á bèèrè irú aṣọ tó wọ̀ àti ọdún tí wọ́n ya fọ́tò náà. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó bèèrè ẹni tó yà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ bèèrè, orúkọ ọkùnrin ló sábà máa ń jẹ́ ìdáhùn. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ọwọ́ àwọn ọkùnrin ni iṣẹ́ fọ́tò pọ̀ sí jù káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Bamako, Seydou Keïta àti Malick Sidibé ni aráyé mọ̀. Ní Accra, James Barnor ni. Ní Nàìjíríà tiwa, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fi kámẹ́rà tọ́jú irun àti gèlè àwọn obìnrin wa, J.D. 'Okhai Ojeikere ni wọ́n ń dárúkọ, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin ní ọdún 1968, tó sì kú ní ọdún 2014.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà láàárín wọn. Felicia Abban ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ìtàn mọ̀ sí obìnrin àkọ́kọ́ tó fi fọ́tò yíyà ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ló jáde láyé, lẹ́yìn tó ti lé dáadáa ní ẹni 80 ọdún. Ohun tó fi sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Gánà nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ní fọ́tò ìyá rẹ̀ nínú àpótí.

Ọmọ ayàwòrán, ọmọ ìlú rélùwéè

Ìlú Sekondi-Takoradi, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Gánà, ni wọ́n bí Felicia Ansah sí ní àárín àwọn ọdún 1930. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà. Ìlú rélùwéè àti ìlú ọkọ̀ ojú omi ni Sekondi-Takoradi. Láti ibẹ̀ ni ojú irin ti lọ dé Kumasi ní ọdún 1903, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣí èbúté Takoradi sí ní ọdún 1928. Àwọn ará Ifo kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ìlú bẹ́ẹ̀. Rélùwéè tó ti Èkó wá, tó gba Ifo kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1901. Ibi tí rélùwéè bá ti dúró ni àjèjì ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọjà aṣọ ti ń gbòòrò, tí oníṣẹ́ ọwọ́ sì ti ń rí jẹ.

Iṣẹ́ fọ́tò wà lára iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀. J.E. Ansah, bàbá Felicia, ayàwòrán ni. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ pé ọmọ ọdún 14, ó fi í sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní ìgbà tí a ń sọ yìí, bí òbí bá fẹ́ kí ọmọbìnrin kọ́ṣẹ́, aránṣọ ló máa ń mú un lọ bá, tàbí kó fà á lé ìyá kan lọ́wọ́ kó lè kọ́ òwò. Ọ̀dọ́bìnrin tó bá wọ yàrá òkùnkùn láti lọ fọ fọ́tò, ó ti kọjá ibi tí ojú àwọn ènìyàn mọ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ohun àmúṣeré. Kámẹ́rà ìgbà yẹn tóbi, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé e dúró. Ayàwòrán ní láti mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, nítorí pé bí fíìmù bá bàjẹ́, owó ló bàjẹ́, oníbàárà sì ti lè padà sí abúlé rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti tẹ bọ́tìnnì, ó di inú yàrá òkùnkùn, níbi tí kò ti sí ju iná pupa kékeré lọ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ fọ́tò. Fíìmù á kọ́kọ́ jáde ní òdìkejì, ohun dúdú á di funfun, ohun funfun á di dúdú. Èyí ni wọ́n ń pè ní nẹ́gẹ́tíìfù. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ àwòrán sórí ìwé, tí wọ́n á rì í sínú omi kẹ́míkà kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n á fi omi lásán ṣàn án, tí wọ́n á sì sá a. Bí àpá bá wà lójú oníbàárà, ayàwòrán á mú lẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́nu ṣóńṣó, á fi tún ojú náà ṣe lórí nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹni tó bá mọ gbogbo èyí ni wọ́n lè pè ní ọ̀gá.

Sọ́ọ̀bù ní Jamestown

Nígbà tí Felicia fẹ́ Robert Abban, tọkọtaya náà kó wá sí Accra. Ní nǹkan bí ọdún 1955, nígbà tó wà ní bí ẹni 20 ọdún, ó ṣí sọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní àdúgbò Jamestown. Orúkọ tó fún un gùn díẹ̀: Mrs. Felicia Abban's Day and Night Quality Art Studio. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ya fọ́tò níbẹ̀, iṣẹ́ tó dára sì ni. Ẹ wo bí orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò fi orúkọ bàbá rẹ̀ tàbí orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ gan-an ló wà níwájú, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ kó tó wọlé pé obìnrin ni yóò ya òun.

Orúkọ Jamestown kì í ṣe àjèjì pátápátá sí etí Yorùbá. Orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe àdúgbò náà ni Ngleshie Alata. Alata sì ni orúkọ tí àwọn ará Gánà fi ń pe àwọn tó ti apá ọ̀dọ̀ wa wá, títí kan Yorùbá. Àárín àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni Felicia Abban pàgọ́ sí, kò sì nìkan wà níbẹ̀. Jamestown náà ni James Barnor ṣí sítúdíò Ever Young tirẹ̀ sí ní àwọn ọdún 1950. Obìnrin yìí kò wá ibi tí kò ti ní í rí ẹni bá du oníbàárà. Àárín àwọn ọ̀gá ló lọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kò sì jìnnà sí ilé rẹ̀. Robert Abban, ọkọ rẹ̀, ló ṣe iṣẹ́ ọnà aṣọ kan tí wọ́n tẹ àwòrán Kwame Nkrumah sí láàárín òdòdó, láti fi sàmì òmìnira Gánà tó wáyé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957. Àwọn tó ń tẹ àwòrán olóògbé sí ara ànkárá lóde òkú lónìí lè máa rò pé àrà tuntun ni. Aṣọ tó ń gbé ojú ènìyàn kiri ti wà tipẹ́. Nínú ilé àwọn Abban, ọkọ ń fi aṣọ sọ ìtàn, ìyàwó sì ń fi fọ́tò tọ́jú àwọn tó ń wọ aṣọ.

Aṣọ tó ń sọ̀rọ̀

Ìgbà náà kì í ṣe ìgbà tí obìnrin kàn ń wọ aṣọ láti fi bo ara. Kí òmìnira tó dé ni aṣọ ti ń sọ ibi tí ènìyàn dúró sí. Ní Abẹ́òkúta, olóyè Funmilayo Ransome-Kuti pa aṣọ òyìnbó tì nígbà tó ń bá àwọn ìyá ọlọ́jà jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní àwọn ọdún 1940, ìró àti bùbá ló ń wọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní Èkó, Shade Thomas-Fahm tí wọ́n bí ní ọdún 1933, tó kọ́ṣẹ́ aṣọ ní London, padà wálé ní ọdún 1960, ó sì ṣí ilé ìtajà tó ti ń fi aṣọ ilẹ̀ wa rán àrà òde òní. Ìró oní-síìpù àti gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀.

Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ oṣù fún ara rẹ̀, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ láàárín ìlú, obìnrin tó ní sọ́ọ̀bù, gbogbo wọn fẹ́ kí ẹni tó bá rí wọn mọ̀ pé ayé ti yí padà. Ibi tí wọ́n sì ti lè sọ èyí láìlanu ni iwájú kámẹ́rà.

Ó ya ara rẹ̀ kó tó lọ sóde

Nínú gbogbo iṣẹ́ Felicia Abban, èyí tó sọ ọ́ di olókìkí jù ni àwọn fọ́tò tó ya ara rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950 títí dé àwọn ọdún 1970. Bó bá fẹ́ lọ sí òde ìnáwó tàbí àpèjẹ, tó ti múra tán, yóò kọ́kọ́ dúró níwájú kámẹ́rà tirẹ̀. Nínú àwòrán kan, aṣọ òyìnbó ló wọ̀. Nínú òmíràn, aṣọ ilẹ̀ Gánà ni. Irun rẹ̀ ń yí padà, ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ń yí padà, bó ṣe ń gbé ara dúró náà ń yí padà. Ẹni tó bá tò wọ́n jọ yóò rí ogún ọdún oge lára obìnrin kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ìgbéraga ló ń ṣe. Oníṣòwò ni. Àwọn fọ́tò wọ̀nyí ló fi ń polówó ọjà rẹ̀ fún àwọn tó bá wá sí sítúdíò. Obìnrin tó bá rí wọn yóò mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹni tó ń yà ní ibí yìí mọ ohun tí obìnrin fẹ́ kí wọ́n rí lára òun. Kò ní í ṣòro fún irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ láti tún ìró ró, láti yí gèlè padà, tàbí láti sọ pé apá ọ̀tún ni kí wọ́n ti ya òun.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin ti wà nínú irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀. Louise Dahl-Wolfe ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn aṣọ Harper's Bazaar láti ọdún 1936 títí di 1958. Ṣùgbọ́n Dahl-Wolfe ní ìwé ìròyìn ńlá lẹ́yìn rẹ̀, ó ní àwọn olóòtú, ó sì ní àwọn arẹwà tí wọ́n ń sanwó fún kí wọ́n lè wọ aṣọ fún un. Felicia Abban kò ní ìkankan nínú wọn. Òun ni ayàwòrán, òun ni arẹwà, òun ni olóòtú. Sọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ìwé ìròyìn rẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà mọ bí irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí kátálọ́ọ̀gì àti fóònù tó gbòde, fọ́tò ni ènìyàn ń mú lọ bá aránṣọ. Á ní, irú ọrùn báyìí ni kí o ṣe fún mi, irú apá báyìí ni mo fẹ́. Fọ́tò kan tí wọ́n yà nílùú ńlá lè dé abúlé tí kò sí iná mànàmáná, kí ó sì yí bí wọ́n ṣe ń rán bùbá níbẹ̀ padà.

Iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ ìkọ́ni

Òkìkí rẹ̀ kò mọ sí Jamestown. Ó ṣiṣẹ́ fún Guinea Press, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú CPP, ní àwọn ọdún 1960 ló sì wà lára àwọn tó ń ya fọ́tò Ààrẹ Kwame Nkrumah. Ìjọba Nkrumah wó ní oṣù kejì ọdún 1966, nígbà tí àwọn ológun gbàjọba. Àwọn fọ́tò tó ya ara rẹ̀, tí wọ́n dé àwọn ọdún 1970, fi hàn pé kò gbé kámẹ́rà rẹ̀ jù sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí ó bọ́ sọnù. Felicia Abban gba àwọn ọmọbìnrin sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, òun náà ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ lè jókòó sórí ipò náà kí ó máa gbádùn ìyìn. Ẹni tó bá kọ́ ẹlòmíràn ló ń rí i dájú pé òun kò ní í jẹ́ ẹni ìkẹyìn.

Ọgọ́ta ọdún kí ayé tó rí i

Ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tó ṣí sọ́ọ̀bù kí wọ́n tó kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn wò. Oṣù kẹta ọdún 2017 ni Nana Oforiatta Ayim ṣe àfihàn wọn ní gbọ̀ngàn ANO ní Accra. Ní ọdún 2019, orílẹ̀-èdè Gánà ní àyè tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Venice, ní Italy. Ghana Freedom ni wọ́n pe àfihàn náà, orúkọ orin tí E.T. Mensah kọ nígbà òmìnira. Àwọn àgbàlagbà tó jó háíláìfù nígbà èwe wọn kò lè ṣàì mọ Mensah. Ara àwọn tí iṣẹ́ wọn wà níbẹ̀ ni El Anatsui, ọmọ Gánà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní yunifásítì Nsukka ní Nàìjíríà. Felicia Abban wà láàárín wọn, àwọn fọ́tò tó fi polówó sọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lára ògiri níbi tí gbogbo ayé ti ń wo wọ́n.

Kí ló fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí kan ni pé àwọn ènìyàn kò ka fọ́tò inú sítúdíò sí iṣẹ́ ọnà. Ohun ìní ìdílé ni wọ́n kà á sí, bí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ọkùnrin pàápàá jìyà èyí. Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò Seydou Keïta hàn ní New York ní ọdún 1991, wọn kò mọ orúkọ ẹni tó yà wọ́n, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aláìmọ̀ ni. Nígbà tó yá, wọ́n wá a kàn ní Bamako, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Síbẹ̀, láti ìgbà tí ayé ti rí fọ́tò Keïta ní 1991 títí di àfihàn Felicia Abban ní 2017, ọdún 26 ló wà láàárín. Ọkùnrin ni wọ́n ń wá, ọkùnrin ni wọ́n sì ń rí.

Ohun tó wà nínú àpótí wa

Ìtàn yìí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Yorùbá púpọ̀ ló gbé ní Gánà, wọ́n ṣòwò ní Accra, ní Kumasi àti ní Takoradi, títí ìjọba Kofi Busia fi pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ sáré wálé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí ọwọ́ wọ́n ká. Fọ́tò kì í wúwo, ó rọrùn láti mú dání. Ìdílé tó bá ní ẹni tó ti Gánà dé nígbà náà lè ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán Accra nínú àpótí láìmọ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn fọ́tò náà wò. Ọ̀pọ̀ sítúdíò ìgbà yẹn ló máa ń lu òǹtẹ̀ orúkọ àti àdúgbò wọn sí ẹ̀yìn ìwé.

Lọ́dọ̀ Yorùbá, fọ́tò kì í ṣe ohun eré. Stephen Sprague, òyìnbó kan láti Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ náà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1978, rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán lè ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì kí ó sì so àwòrán méjèèjì pọ̀, kí ìbejì lè tún jókòó pọ̀ nínú férémù kan. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe atẹbọ́tìnnì lásán.

Síbẹ̀, ọwọ́ tí a fi ń mú àwọn fọ́tò wọ̀nyí kò dára tó. Ní Mowe àti Ibafo, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti Èkó kó wá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978. Kíkó láti ilé dé ilé kì í jẹ́ kí ẹrù pé. Òjò ń wọ àpótí, ikán ń jẹ férémù. Bí bàbá ayàwòrán bá kú, àwọn ọmọ á da nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ sórí ààtàn, nítorí pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi fíìmù dúdú ṣe. Nẹ́gẹ́tíìfù náà sì ni irúgbìn. Bí fọ́tò bá ya, wọ́n lè tún un tẹ̀ láti ara rẹ̀.

Ohun tí ìdílé lè ṣe kò gba owó púpọ̀. Kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ orúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú ọdún, ìlú, ayẹyẹ tí wọ́n torí rẹ̀ yà á, àti orúkọ ayàwòrán bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rántí. Bírò kò dára, nítorí pé yíǹkì rẹ̀ lè là sí ojú fọ́tò. Kí wọ́n kó fọ́tò kúrò nínú ọ́rinrin àti oòrùn, kí wọ́n fi ìwé funfun sáàárín wọn kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Kí àwọn ọmọ tó ní fóònù tó dára sì ya wọ́n pamọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n ṣe é nígbà tí àwọn tó mọ orúkọ ṣì wà láyé.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé kámẹ́rà ti wà káàkiri òde ìnáwó wa báyìí, ẹnu kì í sì í ya ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹ bá rí ọ̀kan lóde ìnáwó, ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò tó bá yà fún yín.